Wọ́n Ní Kí Àbúrò Mi Gbà Pé Òun Ló Jí Máṣíìnì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ro ẹjọ́ kan fún yín. Ó ti pẹ́ o. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, èmi náà ṣì lè gbé àpò ìrẹsì láìpe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé afurasí kan ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, inú mi kì í dùn. Mo máa ń bi rédíò náà pé, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́wọ́? Kí ni wọ́n ṣèlérí fún un? Àwọn ọmọ mi á ní Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Sábọ́n Gàrì, ní Kánò, ni wọ́n bí wa sí, èmi àti àbúrò mi, Gbádébọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá ṣòwò aṣọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí, èmi ni mo sì tọ́ ọmọ yẹn dàgbà. Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Ibo Road. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àti dòdò lọ́jọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá bá rélùwéè dé láti ìsàlẹ̀. Gbádébọ̀ ti di géńdé nígbà tí mò ń wí yìí. Ó ń bá ọkùnrin kan ta máṣíìnì ìránṣọ, Ọ̀gá Tìmótì là ń pè é. Bí mo bá bá Gbádébọ̀ sọ Yorùbá, Haúsá ni á fi dá mi lóhùn. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Bí ẹ̀sùn bá kan ọmọdé láàárín wa, a kì í kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó ṣe é àbí kò ṣe é. Á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Á ní òun jẹ̀bi, kí wọ́n foríjì òun. Àwọn àgbà á bá a bẹ̀bẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní ó ti tán nínú òun, Baba Ìjọ á gbàdúrà, a ó sì tú ká. Ọmọ tó bá dúró tó ní òun ò ṣe é, alágídí ni, wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, a ò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Tìmótì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé wọ́n ti kó lára àwọn máṣíìnì tuntun lọ. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́, òun àti Gbádébọ̀. Ta lẹ rò pé wọ́n mú? Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò lè jí ẹrù ara rẹ̀, àbí kò lè jí i? Mo bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Sájẹ́ńtì tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà mi ni. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Sájẹ́ńtì Ẹlẹ́rìn-ín la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i tí eyín rẹ̀ ò ní síta. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àbúrò mi lójú òun. Òtítọ́ ni, wọn ò lù ú. Mo yẹ ara ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́ kan. Gbádébọ̀ rọra sọ fún mi ní Haúsá pé, “Yaya, ba ni ba ne,” pé ẹ̀gbọ́n òun, òun kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo padà lọ dáná. Ọpẹ́ yẹn ti yá jù.

Lọ́jọ́ kejì, Sájẹ́ńtì wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó jẹ tirẹ̀ tán, ó ní kí n di ìrẹsì kan fún àbúrò mi, kí n fi ẹran tó tóbi sí i, òun ló máa sanwó. Ó sì sanwó lóòótọ́.

Ara mi kò gbà á. Ọlọ́pàá wo ló ń ra ẹran fún ẹni tó pè lólè? Ṣé àwa Kánò ò mọ̀ ni? Àgbò tí wọ́n bá dédé ń bọ́ yó, ẹ lọ wo ìgbà tí ọdún máa pé. Mo di ìrẹsì náà fún un, ṣùgbọ́n mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Baba Ìjọ wá sí ilé oúnjẹ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Baba Ìjọ jẹ́. Òun ni olórí àwọn ọmọ ìlú wa ní Sábọ́n Gàrì, òun ló máa ń parí ìjà tọkọtaya, òun ló sin òbí wa. Bó bá ní kí o jókòó, o ò ní bi í pé lórí kí ni. Ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní Sájẹ́ńtì ló ránṣẹ́ pe òun, òun sì ti bá wọn sọ ọ́. Kí n lọ se nǹkan tó dáa, ọmọ ń bọ̀ nílé lónìí.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Mo se ìrẹsì, mo dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù nílé. Oúnjẹ tutù. Ilẹ̀ ṣú. Gbádébọ̀ ò dé.

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá lówùúrọ̀, Sájẹ́ńtì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá òun. Ó ní Gbádébọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló kó máṣíìnì, àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti tẹ̀ka sí i. Ó ní àwọn tún mú un lọ síwájú ọ̀gá àwọn, ọ̀gá bi í pé ṣé ẹnì kan fipá mú un, ó ní rárá, sà. Ó kù sí ọwọ́ kóòtù.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Ojú ilẹ̀ ni ọmọ náà ń wò. Mo ní, Gbádébọ̀, kí lo sọ fún wọn? Ó ní Baba Ìjọ ní kí òun gbà. Ó ní Baba ní bí òun bá ti gbà, tí òun bẹ̀bẹ̀, Sájẹ́ńtì máa fi òun lé Baba lọ́wọ́, òun á sì bá Baba lọ sílé. Ó ní ṣé òun á wá máa bá Baba Ìjọ jiyàn ni?

Ẹ rí nǹkan? Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín pé ọmọ Yorùbá ni Sájẹ́ńtì. Ó mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé kóńdó kò lè mú kí ọmọ yẹn sọ ohun tí ọ̀rọ̀ àgbà kan ṣoṣo máa mú un sọ. Kí ló wá fẹ́ fi kóńdó ṣe?

Ó tún wá jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má rò pé kò wá. Mo ti bu ìrẹsì rẹ̀ sínú àwo kí n tó gbójú sókè rí i pé òun ni. Mo da ìrẹsì náà padà sínú ìkòkò lójú rẹ̀, mo ní oúnjẹ ti tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ètè rẹ̀ tó pàdé.

Wọ́n júwe lọ́yà kan fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Kí n má purọ́, mo fura sí òun náà. Bàtà rẹ̀ ń dán jù. Ó bi mí pé ṣé wọ́n lu Gbádébọ̀. Mo ní wọn ò lù ú. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé bí wọn ò bá ti lù ọ́, ohun tí o sọ, o sọ ọ́ nìyẹn. Lọ́yà ní rárá. Ó ní bí ẹni tó ní agbára lórí ọ̀rọ̀ náà bá dẹ́rù bani, tàbí tó ṣèlérí ohun tó lè mú kéèyàn rò pé òun máa bọ́ nínú wàhálà, adájọ́ kò gbọdọ̀ gba ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó ní kí adájọ́ tó ka ìwé náà rárá, wọ́n á kọ́kọ́ dá ẹjọ́ kékeré kan nínú ẹjọ́ ńlá, láti mọ̀ bóyá ìwé náà mọ́.

Mo ní, wọ́n máa ń dá ìwé lẹ́jọ́?

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọlọ́pàá ló sì ní láti fi hàn pé ó mọ́, kì í ṣe Gbádébọ̀. Ó wá ní ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì máa búra pé òun ò ṣèlérí nǹkan kan, ọ̀gá rẹ̀ náà máa sọ pé òun bi ọmọ náà, ó ní kò sẹ́ni tó fipá mú òun. Ta ló tún wà níbẹ̀ tó lè sọ nǹkan mìíràn?

Baba Ìjọ nìkan ni.

Mo lọ bá Baba nílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi o: mo fura sí Baba pẹ̀lú. Orí àga kan náà ni òun àti Ọ̀gá Tìmótì máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí Gbádébọ̀ kò ti wá sílé, Baba kò gba iwájú ilé oúnjẹ mi kọjá mọ́. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀, mo ní, “Baba wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá sọ ohun tí Sájẹ́ńtì sọ fún yín ní kóòtù.”

Baba ní, “Ṣé o fẹ́ kí n lọ dúró síwájú adájọ́, kí n pe ọlọ́pàá ìjọba ní òpùrọ́?”

“Rárá o, sà. Ẹ kàn sọ ohun tó sọ fún yín.”

Ó ní ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà parí ọ̀rọ̀ ni òun tọ̀, kò sì sí ìgbà tí òun tọ̀ ọ́ tí kò yọrí sí rere. Ó ní kí ni kí òun wá sọ fún àwọn ọmọ ìlú, pé òun fi ẹnu òun ti ọmọ òun sẹ́wọ̀n?

Ẹ̀yin ará, inú bí mi. Mo mọ̀ pé àgbà ni, mo mọ̀ pé òun ló sin ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, “Baba, tó bá jẹ́ àárín wa ni, ìbá ti tán. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa ń sọ pé òun ti gbàgbé ẹ̀. Sájẹ́ńtì kọ́ ni wọ́n jí máṣíìnì rẹ̀. Ta wá ni ẹ ń bẹ̀, sà?”

Baba wò mí. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì fi mí sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dìde. Nígbà tí mo ń lọ sílé, ohun tí mò ń sọ lọ́kàn ni pé ó ti tán, ẹ̀wọ̀n ni, àbúrò mi máa dàgbà sẹ́wọ̀n nítorí pé ó lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ kóòtù pé. Sájẹ́ńtì dé orí ìdúró ẹlẹ́rìí, ó búra, ó rẹ́rìn-ín sí adájọ́. Ó ní òun ò lù ú, òun ò halẹ̀ mọ́ ọn, oúnjẹ gan-an òun fi owó ara òun rà á fún un. Ó nawọ́ sí mi, ó ní kí wọ́n bi obìnrin yẹn, òun ló ta ìrẹsì náà. Gbogbo kóòtù yíjú sí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òtítọ́ ni.

Lọ́yà wá bi í pé kí ló dé tó fi ránṣẹ́ pe Baba Ìjọ. Sájẹ́ńtì ní àṣà àwọn Yorùbá ni, kí ọmọ rí àgbà rẹ̀ kí ara lè tù ú. Lọ́yà ní, kí Baba tó dé, kí ni ọmọ náà ń sọ? Sájẹ́ńtì ní ó ń sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn tí Baba dé ńkọ́? Ó ní ó jẹ́wọ́. Lọ́yà ní kí ni Sájẹ́ńtì sọ fún Baba láàárín méjì. Ó ní òun kàn kí i ni.

Mo rí i tí adájọ́ ń kọ nǹkan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sọ ohunkóhun fún mi. Lọ́yà ń wo ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ń wò ó.

Baba Ìjọ wọlé.

Agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ àjíǹde ló wọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gorí ìdúró ẹlẹ́rìí, ó fọwọ́ lé Bíbélì, tàfíńtà sì dúró tì í láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohùn Baba lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé wọ́n ní kó gbé e sókè. Ó ní Sájẹ́ńtì mú òun lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, bí ọmọ náà bá ti lè gbà, àwọn á fi lé òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, òun á sì lọ bá Ọ̀gá Tìmótì bẹ̀bẹ̀. Òun wá sọ fún ọmọ náà pé kó gbà, Sájẹ́ńtì sì dúró níbẹ̀ tó ń mi orí. Òun tún sọ fún un pé bí wọ́n bá mú un dé iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, kó má bá a jiyàn.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ wá bi í ní ìbéèrè kan. Ó ní nígbà tí Baba ń sọ fún ọmọ yìí pé kó gbà, ṣé Baba gbà gbọ́ pé ọmọ náà ló jí máṣíìnì?

Tàfíńtà rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ.

Baba ní, “Mi ò bi í.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ náà nìyẹn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́, omijé sì ń bọ́ lójú àgbàlagbà. Gbogbo ìfura tí mo ní sí i yọ kúrò lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀, ojú tì mí fún un, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Àgbà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo Sábọ́n Gàrì, ẹ bá mi wá irú rẹ̀ lónìí.

Adájọ́ ní ìjẹ́wọ́ náà kò lè wọlé. Ó ní òun gbà pé ìlérí wà, ẹni tó sì ní agbára láti mú un ṣẹ ló ṣe é, ẹnu àgbà ló kàn fi ránṣẹ́. Ó ní “rárá, sà” tí ọmọ náà sọ níwájú ọ̀gá kò fọ ìwé náà mọ́, nítorí ìlérí náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò, kí ló kù? Wọn ò rí máṣíìnì kankan. Kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Adájọ́ ní kí Gbádébọ̀ máa lọ sílé.

Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ibẹ̀ ló tán sí. Ẹ ò mọ Sábọ́n Gàrì.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìwé ni adájọ́ lé jáde, kò sọ pé ọmọ náà kò jalè. Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí omi, wọ́n ń sọ ọ́ lórí oúnjẹ mi. Ohun tó wá burú jù ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Mo ń ṣọ́ àbúrò mi. Bó bá wọ ẹ̀wù tuntun, mo máa ń wo ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo wa ni a ti jà lórí ọmọ yìí, ọlọ́pàá, lọ́yà, Baba Ìjọ, èmi, kò sì sẹ́ni tó jókòó bi í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà, ó wọlé. Mo ní, “Gbádébọ̀, ìwọ àti èmi nìkan ló wà níbí. Ṣé ìwọ lo kó máṣíìnì yẹn?”

Kí ẹ tó pajú pẹ́, ó ti ń lọ ilẹ̀. Àyà rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀, ó ti ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun, kí n má bínú, kí n foríjì òun. Kí ni mo fẹ́ mú nínú ìyẹn? Bó bá jí i, bẹ́ẹ̀ náà ló máa dọ̀bálẹ̀. Bí kò bá jí i, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Mo ju ẹ̀wà sílẹ̀, mo dì í mú ní apá, mo fà á dìde. Mo ní, “Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Dúró. Wo ojú mi, kí o dá mi lóhùn.”

Ó ṣòro fún un. Ojú rẹ̀ ń sá lọ síbí, ó ń sá lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó gbé e sókè sí tèmi, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́.”

Èmi tí mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo gba ìyẹn gbọ́. Mo sunkún lórí ẹ̀wà mi. Ta ló wá jí máṣíìnì? Mi ò mọ̀ títí dòní. Mo ní ẹni tí mo fura sí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ìfura lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe, mo pa ẹnu mi mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ tó bá wà lábẹ́ òrùlé mi, bí ẹ̀sùn bá kàn án, màá kọ́kọ́ bi í. Mi ò ní kó má bẹ̀bẹ̀ o. Kó dáhùn ná, bó bá ṣe é, ilẹ̀ wà níbẹ̀ tó lè dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà, bí ọlọ́pàá bá rẹ́rìn-ín sí yín, tó ní ẹ sáà gbà á, ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ dákẹ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí lọ́yà. Bí wọ́n bá sì pè yín wá gẹ́gẹ́ bí àgbà, ẹ bi ọmọ náà.

Ó tó, mo ti sọ tèmi. Mo mọ̀ pé ó wà nínú yín ẹni tó ti gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe rí, nílé, níbi iṣẹ́, tàbí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, torí kí ọ̀rọ̀ sáà lè parí. Ẹ kọ ọ́ síbí kí a kà á. Mi ò ní bínú, mi ò ní dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dìde dúró kí ẹ tó sọ ọ́.